Bí a ṣe ń to ọgbà ẹranko onípáálí sínú sítọ́ọ̀ ńlá, tí oníbàárà kò fi ní ra ẹsẹ̀ erin lọ

Ọgbà ẹranko onípáálí, ìyẹn àwọn ẹranko tí a fi páálí ṣe fún àwọn ọmọdé láti wò, kì í sábà wó nítorí pé àwọn ẹranko rẹ̀ kò dára. Ohun tó ń wó o ni pé ọjà títà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, erin ti dúró gbọin lórí páálí tòmátò mẹ́rin. Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá, alátùntà kan ti dé láti Ìyàrá, ó ní páálí tòmátò méjì lòun fẹ́, ọmọ iṣẹ́ fà á yọ láìbèèrè, erin sì fi imú gbálẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé. Ẹkún ni wọ́n máa gbé lọ sílé.

Ẹni tó ní sítọ́ọ̀ ńlá ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀ ni a kọ èyí fún, sítọ́ọ̀ tí wọ́n ti ń tajà ní páálí àti ní àpò, tí àwọn ará ilé tó ti Èkó àti Àbújá wálé ọdún ń kó ọmọ wá sí. Ẹranko mẹ́fà là ń wí. Ọmọ iṣẹ́ méjì lè parí rẹ̀ lọ́jọ́ méjì.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Páálí òfìfo 20, ó kéré tán. Kí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ páálí tíṣù ńlá, nítorí pé ó fẹ̀, kò sì wúwo.
- Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́rin, àti iyanrìn gbígbẹ lítà 20.
- Pákó plywood kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn, méjì ní ìbú.
- Àpò ìrẹsì òfìfo méjì, èyí tó ń gba kílò 50.
- Ife oníke 25, irú èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan dànù níbi ìnáwó.
- Kànìnkànìn ìbílẹ̀ ìdì 15, pẹ́gì tí a fi ń sá aṣọ 20, ìgbálẹ̀ méjì.
- Kréètì ẹyin mẹ́fà, kó jẹ́ tuntun.
- Páìpù omi oníke kan, mítà mẹ́ta.
- Téèpù fífẹ̀ aláwọ̀ páálí mẹ́rin, téèpù pupa kan, okùn ọ̀rá, wáyà tó ṣeé tẹ̀, ọ̀dà dúdú, funfun àti aláwọ̀ ilẹ̀.
- Ìwé kan àti bírò. Ẹ má fojú di ìwé yìí, òun ló máa yọ yín lọ́wọ́ ìjà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń tú ọgbà náà.

Ẹranko gidi kò sí nínú rẹ̀ o. Ibi tí ìrẹsì àti gààrí wà kì í ṣe ibi tí a ń so ọ̀bọ mọ́. Ológbò sítọ́ọ̀ nìkan la gbà láàyè, iṣẹ́ tiẹ̀ sì ń bọ̀ níwájú.

1. Ẹ wá ibi tó yẹ

Ẹ̀yìn sítọ́ọ̀, lẹ́bàá ògiri, ló dára jù. Ẹ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, sí ìwọ̀n, àti sí káńtà tí wọ́n ti ń sanwó. Ọ̀nà tí èèyàn máa gbà kọjá níwájú àwọn ẹranko gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà kan àti sẹ̀ntímítà 20, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ọmọlanke tó kẹ́rù lè kọjá láìgbá erin létí. Bí àpò ìrẹsì bá wà lórí ara wọn ga ju èjìká àgbà lọ lágbègbè ibẹ̀, ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ kí ọmọ kankan tó dé, tàbí kí ẹ wá ibòmíràn.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe àṣìṣe tó léwu. Bí ẹ bá ń lo Phostoxin, oògùn oníkóró tí a ń fi sáàárín àpò àgbàdo àti ẹ̀wà, ẹ má gbé ọgbà ẹranko sínú yàrá yẹn rárá. Kì í ṣe kóró yẹn fúnra rẹ̀ ló ń pa kòkòrò. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ náà sì ń pa èèyàn. Ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn gbogbo lẹ́yìn rẹ̀, bó bá sì ṣe yín ní iyèméjì, ẹ lọ ṣe ọgbà náà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ilé pẹ̀lú, bó ti wù kó kéré tó. Àbẹ́là àti àtùpà elépo kò sí níbẹ̀: páálí ni gbogbo ẹranko yìí, ọyẹ́ sì ti gbẹ wọ́n bí ìṣáná.

Àyẹ̀wò: ẹ kẹ́rù kún ọmọlanke, kí alábàárù tì í kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ní àlọ àti àbọ̀. Bó bá ní láti dúró kó tún un tò kó tó lè kọjá, ibẹ̀ há jù.

2. Ẹ ya òfìfo kúrò lára títà

Òfin kan ṣoṣo ni, ẹ̀yin náà ẹ má sì rú u: ohun tó bá gbé ìwúwo ẹranko dúró kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjà. Ẹsẹ̀, ikùn, ẹ̀yìn, òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Ọjà títà lè jẹ́ ẹ̀ṣọ́, bí irun, eyín àti ìrù, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá rà á, ẹranko náà á kàn dà bí ẹni tó fárí ni, kò ní ṣubú.

Ẹ lẹ téèpù pupa yí gbogbo páálí òfìfo ká. Ẹ wá pe gbogbo ọmọ iṣẹ́, títí kan alábàárù tó ń wá lọ́jọ́ ọjà nìkan, ẹ sọ fún wọn pé ohun tó bá ní ìlà pupa kì í ṣe títà. Ọjà tí ẹ bá yá fún ẹ̀ṣọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: kànìnkànìn 15, pẹ́gì 20, ìgbálẹ̀ méjì. Ẹ so wọ́n ni o, ẹ má lẹ̀ wọ́n. Kànìnkànìn tí gọ́ọ̀mù bá ti kàn, ta ló máa fi wẹ̀?

Àwọn kan máa ń fẹ́ fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lẹ páálí pọ̀, nítorí pé kò wọ́n. Ó ń lẹ̀ dáadáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni. Eku àti aáyán á gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á jẹ orí kìnnìún, wọ́n á sì ti ibẹ̀ kọjá sí àpò ìrẹsì. Téèpù àti okùn ni kí ẹ lò.

Lásìkò ọyẹ́, téèpù á máa ṣí. Eruku ló ń fà á. Ẹ fi àkísà tútù tí ẹ ti fún gbẹ nu ojú páálí, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Àyẹ̀wò: ẹ pe ọmọ iṣẹ́ kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ ní kó lọ mú páálí tòmátò méjì wá kíákíá. Ẹ máa wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ.

3. Erin

Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí erin bá dúró, ọkàn àwọn tó kù á balẹ̀.

Ẹ fọ kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo pupa, omi gbígbóná àti ọṣẹ lẹ́ẹ̀mejì ni, nítorí pé téèpù kì í mú ibi tí epo wà, epo á sì tún ṣàn sára páálí. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ lítà márùn-ún sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn máa wúwo tó nǹkan bí kílò mẹ́jọ, ìsàlẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ máa wà. Ẹ má lo omi. Kẹ́ẹ̀gì tó bá jò lóru á ba gbogbo àpò ìyẹ̀fun tó wà nítòsí jẹ́, erin á sì dà bí ẹni tó tọ̀ sílé.

Ẹ to kẹ́ẹ̀gì náà sí igun mẹ́rin, ẹ gbé pákó plywood lé wọn lórí, ẹ wá fi okùn gba ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan so ó mọ́ pákó. Ẹ ká páálí yí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan kó rí roboto bí ẹsẹ̀ erin. Páálí tíṣù méjì ló máa dúró lórí pákó bí ara, ẹ̀kẹta ni orí, ẹ ó sì fi okùn so ó mọ́ iwájú. Gíga rẹ̀ á fi díẹ̀ lé ní mítà kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó ga jù bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé gíga ohunkóhun tí a kò so mọ́ ògiri kò yẹ kó ju ìlọ́po mẹ́ta ibi tó tín-ínrín jù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ.

Etí: ẹ la àpò ìrẹsì, ẹ gé e fẹ̀ dáadáa (etí erin ilẹ̀ Áfíríkà kì í ṣe etí ewúrẹ́), ẹ rán wáyà sí etí rẹ̀ yí ká, kí ẹ sì tẹ ṣóńṣó wáyà náà wọ inú kó má baà gún ọmọ lójú.

Imú ni ẹwà rẹ̀. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ìdí ife 25, ní ìta sítọ́ọ̀. Ẹ dojú ife kọ ilẹ̀, ẹ ki okùn bọ ihò wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ta kókó sábẹ́ ìdí ife kọ̀ọ̀kan, kí sẹ̀ntímítà mẹ́ta wà láàárín kókó kan àti èkejì. Bí kókó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ife á máa ya ara wọn, àlàfo á yọ. Bó bá sún mọ́ra jù, imú á le gan-an. Gbogbo rẹ̀ á gùn tó sẹ̀ntímítà 75. Lẹ́yìn èyí, ẹ lu ihò kékeré sí etí iwájú ife karùn-ún, ìkẹwàá, ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ogún àti èyí tó kẹ́yìn, ẹ ta okùn tín-ínrín kejì gba gbogbo ihò wọ̀nyí, kí ẹ sì mú un gba òkè orí erin dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn tó fà á, imú á ká sókè. Àwọn ọmọ á pariwo. Ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà nìyẹn.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ọwọ́ kan ti erin ní ìbàdí, bí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe lè tì í. Bí kẹ́ẹ̀gì kan bá gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ fi iyanrìn lítà méjì kún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fa imú lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ibi tó bá há, kókó rẹ̀ ló tóbi.

4. Kìnnìún, ọ̀nì àti àgùnfọn

Ẹ jẹ́ kí kìnnìún sùn. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúró máa lo ọjọ́ kan gbáko lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kò sì ní jọ kìnnìún síbẹ̀. Páálí gígùn kan ni ara, páálí kékeré kan ni orí, ìgbálẹ̀ kan ni ìrù, kànìnkànìn 15 tí ẹ so yí orí ká sì ni gọ̀gọ̀. Abo kìnnìún kì í ní gọ̀gọ̀, nítorí náà ẹ má pè é ní ìyá kìnnìún: ọmọ iléèwé kan máa wà níbẹ̀ tó máa tún un yín ṣe, níwájú àwọn oníbàárà.

Ìkìlọ̀ kan wà tí àlejò kì í mọ̀. Ẹ má fi ìko àti aṣọ bo kìnnìún látorí délẹ̀, kí ẹ wá fi èèyàn sínú rẹ̀ kó máa jó. Ní ìrọ̀lẹ́, egúngún ló máa jọ. Àwọn àgbà á ránṣẹ́ pè yín láti wá ṣàlàyé ẹni tó yọ̀ǹda rẹ̀, àlàyé yẹn kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Fún ọ̀nì, ẹ da kréètì ẹyin mẹ́fà dojú bolẹ̀, ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra; á gùn tó mítà kan àti sẹ̀ntímítà 80. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ẹ̀gbẹ́ kréètì méjì ìkẹyìn kí ìrù lè tín-ínrín. Ẹ kùn ún. Páálí bàtà ni ẹnu, pẹ́gì mẹ́wàá lókè àti mẹ́wàá nísàlẹ̀ ni eyín, igi kan tó gùn ní sẹ̀ntímítà 15 sì ni kó la ẹnu náà sílẹ̀. Kréètì àlòkù kò dára, ìgbẹ́ adìyẹ máa ń wà lára rẹ̀, ọmọdé á sì fọwọ́ kàn án tán kó tó jẹ bisikíìtì. Ilẹ̀ kọ́ ni kí ẹ tẹ́ ọ̀nì sí o. Wọ́n máa jókòó lé e. Orí pákó tó ga dé àyà ọmọdé ni.

Àgùnfọn ló ń dá àwọn èèyàn lágara jù, nítorí pé akọ rẹ̀ lè ga tó mítà márùn-ún, òrùlé yín kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe odindi rẹ̀. Ọrùn àti orí nìkan ni kí ẹ ṣe: ẹ so páìpù mítà mẹ́ta mọ́ òpó ṣẹ́ẹ́fù ní ibi mẹ́ta, ẹ ká páálí tí ẹ ti kùn lábàlà mọ́ ọn lára, kí ẹ sì fi páálí ṣúgà ṣe orí. Ẹ lọ sí òpin ṣẹ́ẹ́fù yẹn kan náà ní ìhà kejì, ẹ so ìgbálẹ̀ kan mọ́ ọn bí ìrù, kí ẹ to ẹsẹ̀ méjì onípáálí sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí orí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíìkì, tó wá bá ìdí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ, á rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ tan fáànù gbogbo. Kí orí àgùnfọn jìnnà sí abẹ́ fáànù tó sẹ̀ntímítà 60, kí afẹ́fẹ́ má sì lè mì í. Ẹ mi òpó ṣẹ́ẹ́fù. Bí páìpù bá yọ̀ wálẹ̀, ẹ fi okùn kẹrin kún un.

5. Òkété àti ẹkùn

Àwọn yìí kò ní iṣẹ́. Òkété: páálí kan, ihò kan, ó parí. Alẹ́ ló ń jáde, ẹnikẹ́ni kò lè bá yín jiyàn. Ẹkùn: ẹ gbé ìdùbúlẹ̀ ológbò sítọ́ọ̀ sí igun kan, ẹ kọ orúkọ ẹkùn síwájú rẹ̀. Bó bá lọ síbòmíràn, ẹ yí àkọlé náà padà sí “Ẹkùn ti lọ sọ́ja”.

6. Àkọlé

Páálí tó dára láìsí àkọlé, páálí ni. Ẹ̀rín wà nínú ohun tí ẹ kọ, ìlànà rẹ̀ sì ni òótọ́ mẹ́ta, àpárá kan, kí àpárá kẹ́yìn. Ẹni tó bá ka òótọ́ mẹ́ta á ti gbà yín gbọ́, ibi tó ti ń mi orí ni ìkẹrin á ti bá a. Bí gbogbo ìlà bá jẹ́ àpárá, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ti àkọ́kọ́, wọn ò ní ka èyí tó kù.

ERIN. Oyún rẹ̀ ń tó oṣù 22. Imú ló fi ń fa omi, á sì dà á sẹ́nu. Ewé, èèpo igi àti èso ló ń jẹ. Ó jẹ kajú tán, ó ta kóró rẹ̀, a ò tíì rí owó náà.

KÌNNÌÚN. Ó lè sùn tó wákàtí 20 lójúmọ́. Abo ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ọdẹ. Agbo ni wọ́n ń gbé. A gbà á ṣe ọlọ́dẹ alẹ́, a ti lé e.

ÀGÙNFỌN. Egungun ọrùn rẹ̀ jẹ́ méje, bíi ti èèyàn. Kò sí ẹranko tó ga tó o. Ewé orí igi ló ń jẹ. Òun là ń rán sí ṣẹ́ẹ́fù òkè.

Ọ̀NÌ. Ẹyin ló ń yé. Kò lè rún ẹran lẹ́nu, gbígbé ló ń gbé e mì. Ó ń gbé òkúta mì pẹ̀lú. Ẹni tí a kò bá ní ṣéńjì rẹ̀, ẹnu ọ̀nì ni kó ti lọ gbà á.

Fún ti ọ̀nì yìí, ẹ da súwíìtì sẹ́nu rẹ̀, nítorí pé súwíìtì náà la sáà ń fi ṣe ṣéńjì tẹ́lẹ̀.

Kí lẹ́tà ga tó sẹ̀ntímítà márùn-ún, kí wọ́n lè kà á láti mítà mẹ́ta. Ojú páálí tó gúnjú, tí kò lórúkọ ọjà, ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Bí àwọn oníbàárà yín bá jẹ́ ọmọ Ìyàgbà tàbí Ọ̀wẹ́ jù, ẹ kọ ìlà ìkẹyìn ní ẹ̀ka èdè wọn. Kí ìyá àgbà kan kà á kí ẹ tó gbé e kọ́, torí pé ẹ̀ka èdè tí a ṣì kọ ń bí àwọn onílé nínú ju kí a má kọ ọ́ rárá lọ. Orúkọ onígbèsè kò gbọdọ̀ sí lára àkọlé kankan. Ẹ kò ní rí gbèsè yẹn gbà, ẹ ó sì pàdánù ẹbí rẹ̀ pẹ̀lú.

Àyẹ̀wò: ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ka àkọlé náà sókè fún àgbà kan. Bí ọmọ bá ṣì í kà, lẹ́tà ló há. Bí àgbà bá bèèrè pé “kí ló dé?”, àpárá náà gùn jù.

7. Olùtọ́jú ẹranko àti wákàtí oúnjẹ

Ẹ yan ọmọ iṣẹ́ kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Èyí ṣe pàtàkì ju ọ̀dà lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa imú erin, láti bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má jí kìnnìún, àti láti máa wo inú ihò òkété kó sì sọ pé, “Ẹ ṣe sùúrù, ẹ má bínú, ó ní òun ń múra.” Wákàtí oúnjẹ, ìyẹn ìgbà tí a ń díbọ́n pé a ń bọ́ àwọn ẹranko, jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, aago méjìlá àti aago mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ọjọ́ ọjà kò ní wákàtí oúnjẹ ọ̀sán. Èrò ti pọ̀ jù nígbà yẹn, ọmọdé sì ń sọnù láàárín ẹrù. Ọmọ mẹ́jọ ni kó wọlé lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àgbà kan tó mọ iye wọn.

Garawa iyanrìn méjì àti ẹ̀rọ ìpaná kan gbọ́dọ̀ wà níbi tí olùtọ́jú lè na ọwọ́ sí.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn wákàtí oúnjẹ, kí olùtọ́jú ka ọmọ tó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ka eyín ọ̀nì.

8. Títú u

Kò yẹ kó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Páálí tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ á di ilé aáyán. Bó bá jẹ́ ìsinmi ìgbà òjò ni ẹ ṣe é, ọ̀sẹ̀ kan ti tó, orí pálẹ́ẹ̀tì sì ni kí gbogbo ẹranko wà, nítorí pé sìmẹ́ńtì ilẹ̀ máa ń làágùn, ìdí kìnnìún á sì rà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè: orí àgùnfọn, páìpù, lẹ́yìn náà erin. Ẹ kọ́kọ́ tú ohun tí ẹ yá, ẹ gbọn eruku ara rẹ̀, ẹ fi bírò fàlà sí i nínú ìwé bó ṣe ń padà sí àyè rẹ̀. Pẹ́gì ló máa ń dín, nítorí pé ọmọ tí eyín ọ̀nì bá wù máa mú ọ̀kan lọ. Ẹ kọ pẹ́gì méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà bá ọmọ iṣẹ́ jà. Ẹ da iyanrìn padà sẹ́yìnkùlé, ẹ fọ kẹ́ẹ̀gì. Páálí tó ní téèpù pupa ni kó kọ́kọ́ jáde nílé, kí ẹnikẹ́ni má baà kó ọjà sínú rẹ̀ tà fún oníbàárà pẹ̀lú ojú erin lára.

Ẹ má tú imú erin. Ẹ ká a, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ gbé e kọ́ òkè níbi tí eku kò lè dé.